Aṣọ Yẹ́lò Létí Ọ̀sà

Èéfín èèpo àgbọn ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé ti mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, kùtùkùtù la máa ń sọdá ọ̀sà lọ sí ilé ìwé, Ìyá Àgbà kì í sì í ráyè dáná sábẹ́ ẹja kí n tó lọ. Àmọ́ ní Sátidé, kí ojú mi tó là dáadáa, èéfín yẹn á ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á máa ta sánsán, á sì máa ta mí lójú. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló máa ń wá sí mi lọ́kàn: bóyá Màámi á wá lónìí.

Èmi àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, là ń gbé ní abúlé kékeré kan ní òdìkejì ọ̀sà, béèyàn bá dúró ní èbúté Ọ̀jọ́ tó kọjú sí omi. Ilé tiwa ló wà níkangun, lábẹ́ àwọn igi àgbọn. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Màámi kó lọ sí Okokomaiko, ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀, nígbà tó sì yá, ó fẹ́ ọkọ mìíràn níbẹ̀. Ìyá Àgbà ló ní kí èmi dúró. Láàárín àwọn ẹbí bàbá mi, ẹni tó bá ń sùn nínú yàrá, tó sì ń gbálẹ̀ ìdí igi, òun ni wọ́n máa ń kà sí ẹni tó ni ín. Bí mo bá ti fajú ro, Ìyá Àgbà á ní, "Ìwọ sá kó lọ. Kí o tó dé Okokomaiko, wọ́n á ti pín yàrá bàbá rẹ."

Èmi ò fẹ́ yàrá kankan. Màámi ni mo fẹ́. Kí ló tiẹ̀ wà nínú yàrá ọ̀hún? Ẹní kan, àpótí kan, àti àwọ̀n tí bàbá mi fi ń pẹja, tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Alaalẹ́ ni mò ń sùn sábẹ́ àwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kì í dà sómi mọ́.

Fóònù ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn. Ẹni tó bá wà ní èbúté Ọ̀jọ́ tó fẹ́ kí wọ́n wá gbé òun, aṣọ ló máa so mọ́ orí ọparun gígùn kan tí gbogbo wa jọ ń lò, á wá nà án sókè. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ tirẹ̀. Ti ilé baálẹ̀ funfun, ti ilé ìmàle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dúdú bí aró, tiwa yẹ́lò. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ rí aṣọ ilé rẹ̀ kó jókòó, ohun yòówù tí ì báà máa ṣe. Ìyá Àgbà ti ya ìró yẹ́lò kan sí méjì. Ìdajì wà nínú báàgì ilé ìwé mi. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ Màámi.

Lọ́sàn-án, tí ilé ìwé bá parí, màá na tèmi sókè. Màá rí nǹkan dúdú kékeré kan tó yọ lábẹ́ àwọn àgbọn, á máa tóbi bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí màá fi rí gèlè orí Ìyá Àgbà nínú ọkọ̀. Kò sí ọjọ́ tí mo na aṣọ tí kò wá.

Nígbà kan, Màámi máa ń wá dáadáa. Á gbé búrẹ́dì dání, á jókòó sórí àpótí bàbá mi, á sì di irun fún mi. Lẹ́yìn náà ni wíwá rẹ̀ ń dín kù. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, a ò rí i. Orí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí ní gbogbo Sátidé, màá máa wo òdìkejì. Ìyá Àgbà á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìdí iná: "Rọra máa wo ọ̀sà yẹn o, Àjọkẹ́, kí o má wò ó gbẹ."

Sátidé kan ni mo rí i. Aṣọ yẹ́lò! Mo pariwo, mo sáré wọlé lọ pa ìpara, mo wọ aṣọ Kérésìmesì mi. Ìyá Àgbà fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó gbé àjẹ̀. Èmi jókòó síwájú ọkọ̀, òun wà lẹ́yìn. Nígbà tí a dé àárín omi, mo kíyè sí i pé ọkọ̀ ò rìn mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá Àgbà gbé àjẹ̀ dání, ó ń wo èbúté.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ ká yára!"

Ó wò mí, ó wo ìpara ojú mi, ó sì tún ti àjẹ̀ bọ omi. Màámi ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó ń na aṣọ kúrú, ó sanra. Ìyá Àgbà ti rí i. Èmi ò rí ju aṣọ lọ.

Ìyá Kẹ́mi ni, ẹni tí ìsọ̀ tirẹ̀ àti ti Màámi jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó ní mo ti ga, ó sì fún mi ní búrẹ́dì àti sáńdà tuntun. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ó ní kí n kí yín o. Ó ti bímọ, ọkùnrin ni. Ọkọ ẹ̀ ló ní òun ò fẹ́ kó máa sọdá lọ sọ́dọ̀ yín mọ́. Ẹ má bínú, Màmá. Ó ní kí n fi aṣọ yìí pè yín, kí n wá dá a padà fún yín."

Ìyá Àgbà gba aṣọ náà, ó fi ọwọ́ pa á.

"Ó fọ̀ ọ́," ó ní. "Ó tiẹ̀ lọ̀ ọ́. Ẹ bá mi kí i kú ewu ọmọ."

Mo béèrè bóyá ó máa wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìyá Àgbà ń ká aṣọ náà. Mo ki ẹsẹ̀ bọ sáńdà náà, kò gbà mí. Ẹsẹ̀ tí Màámi mọ̀ ni ó ra bàtà fún, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì ti dàgbà. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún, mo sì sunkún títí a fi sọdá. Ìyá Àgbà ò ní kí n dákẹ́.

Gbogbo ẹja ti jóná nígbà tí a délé. Ó jókòó tì í, ó ń ha èyí tó dúdú dànù, ó ń fi inú rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, mo sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì Màámi. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n bàbá mi. Ó ní, "Méjèèjì ti di tìrẹ."

Mo dúró ti yàrá náà títí mo fi parí ilé ìwé girama, tí iṣẹ́ wá gbé mi lọ sí Ìbà. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, àwọn ẹbí péjọ sábẹ́ àgbọn. Àgbà wọn nawọ́ sí yàrá bàbá mi, ó ní, "Èyí àti igi ìdí rẹ̀, Àjọkẹ́ ló ni ín. Ojú gbogbo wa ló ṣe dàgbà síbẹ̀." Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ohun tí Ìyá Àgbà tìtorí rẹ̀ mú mi dúró ti bọ́ sí i, òun nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Màámi ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí, ní ẹ́sítéètì Ìbà. Orúnkún ń dùn ún, èmi ni mo máa ń bá a fi òróró ra á. Mo bínú sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbínú ọ̀hún ti tán. A máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ a ò sọ ti aṣọ rí.

Láìpẹ́ yìí, mo fẹ́ lọ gbálẹ̀ ìdí àwọn igi mi. Mo dé èbúté Ọ̀jọ́, mo pe ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ó ní òun ń bọ̀. Bí mo ṣe ń dúró, mo yọ aṣọ yẹ́lò jáde nínú báàgì mi, mo wá igi kan, mo so ó mọ́ ọn, mo sì nà án sókè. Obìnrin tó ń ta omi nítòsí wò mí.

"Àǹtí, ta lẹ̀ ń pè?"

Mo tún gbé igi náà ga sí i. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà tí mo máa ń dúró níbẹ̀ yẹn rò pé òun ò ní nǹkan kan láyé, bẹ́ẹ̀ Ìyá Àgbà máa ń wá gbé e. Èmi òní ni mo ní ilé, mo ní igi, kọ́kọ́rọ́ yàrá bàbá mi wà nínú báàgì mi. Mo na aṣọ náà títí apá fi ń ro mí, mò ń wo abẹ́ àwọn àgbọn, nǹkan kan ò yọ níbẹ̀.