Ẹ Má Pariwo Bíná Bá Dé

Igbe ló gbé Dominic dé ìdí iṣẹ́ iná. Láti kékeré ní Ọ̀wọ̀, bíná bá ti dé, igbe "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" tirẹ̀ ló máa ń ròkè jù ládùúgbò. Ìyá rẹ̀ ní kó kúkú lọ bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí etí òun lè sinmi. Ó lọ lóòótọ́, orí òpó ló sì dàgbà sí.

Ìjọba ò pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Òkèlúsè, ìlú tí Dominic ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, lógun o. Kí wọ́n máa pè é lóhun tó bá wù wọ́n. Àwọn oníbọn inú igbó ń yìnbọn fọ́ wáyà iná, torí òkùnkùn ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti jí èèyàn gbé. Bí Dominic àti Abdulfatai, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, bá tún un ṣe lónìí, wọ́n á tún bà á jẹ́ lọ́la. Ọ̀rọ̀ náà sú Dominic pátápátá.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn oko kòkó nítòsí ìlú ni wáyà ti já. Àwọn sójà tó yẹ kó sìn wọ́n ò yọjú. Nọ́ọ̀sì Theresa ti ilé ìwòsàn ìlú sì ń ké pé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ fẹ́ bàjẹ́ nínú fíríìjì. Orúnkún Dominic ò gbà kó gun òpó mọ́, ló bá dúró ti tiransifọ́mà láàárín ìlú. Abdulfatai gun ọ̀kadà, ó fẹ́ dá lọ so wáyà náà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi bẹ àwọn ará ìlú," ló wí. "Bíná bá dé, kí wọ́n má pariwo. Igbe yẹn làwọn èèyàn yẹn fi ń mọ̀ pé a ṣì wà nínú igbó. Ó dìgbà tí mo bá wọ̀lú."

Dominic bẹ̀ wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, dé mọ́ṣáláṣí, dé ilé ìwé. Gbogbo wọn gbà.

Lọ́sàn-án, gílóòbù tàn lójijì. Fíríìjì nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn ọmọdé fọwọ́ bo ẹnu, ojú wọn ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!"

Gbogbo èèyàn yíjú. Dominic náà wẹ̀yìn kó tó mọ̀ pé ẹnu òun ló ti jáde.

Ìbọn dún lápá oko kòkó. Ó fẹ́ sáré lọ, wọ́n dì í mú. Ó pe fóònù Abdulfatai, kò wọlé. Ó pe àwọn ọlọ́pàá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń retí ìró ọ̀kadà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Iná ò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Theresa wá sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ò bàjẹ́, pé ó ṣeun.

Dominic fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.