Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ẹni Tí À Ń Gún Lábẹ́rẹ́

Òórùn sípíríìtì àti ti omi tí a fi ń se abẹ́rẹ́ ló máa ń kí èèyàn káàbọ̀ sí ilé ìwòsàn kékeré wa lẹ́sẹ̀ òkè, ní Ìdáàṣà, láìpẹ́ lẹ́yìn òmìnira. Bí oòrùn bá ti kan àpáta, ooru á máa gba ojú fèrèsé wọlé bí ẹni pé wọ́n ń yan àgbàdo lẹ́yìn ilé. Ọmọge nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ mi kì í sì í gbọ̀n.

Ọ̀sán kan, wọ́n gbé àgbẹ̀ kan dé láti abúlé Kpingni. Ọkọ́ ló bù ú lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń kọ ebè, ojú ọgbẹ́ náà sì là gbàgà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bá a wá. O mọ ìṣe àwa ará òkè: ọkùnrin tí ara ń ro kì í sọ̀rọ̀, ẹni tó sìn ín wá ní í dáhùn fún un.

Mo wo bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó, mo wọn oògùn tó ń mú ara kú kí rírán má baà dùn ún, mo ń gún un díẹ̀díẹ̀ sétí ọgbẹ́. Kí n tó ti oògùn wọlé, mo máa ń kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn, kí n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ á bá a jáde, kó má baà jẹ́ pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni mo gún.

“Èyí kéré,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Dà á sí i dáadáa!”

“Ìyá, bó bá pọ̀ jù, èémí ló máa dá dúró.” Mo kọjú sí ọkùnrin náà. “Báwo lẹnu yín ṣe rí?”

“Ẹnu rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan,” obìnrin náà tún gbà á sọ.

“Ẹnu òun gan-an ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.”

“Hẹ̀n-ẹ́n! Àbí ọkọ lo ń wá ni?”

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà, ìyẹn ló sì là á lẹ́nu. “Ó dà bí ẹni pé mo lá irin,” ó ní. “Etí mi ń hó.”

Mo fa abẹ́rẹ́ yọ kíá. Àmì pé oògùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, bó ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn láìka ìṣọ́ra sí. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, apá rẹ̀ ń jà pìtìpìtì, lẹ́yìn náà èémí rẹ̀ dákẹ́. Mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, mo fi ẹnu mi bò ó lẹ́nu, mo ń fẹ́ èémí tèmi sí i nínú, títí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra fúnra rẹ̀. N kò fi ẹ̀kán oògùn kan kún un mọ́. Ibi tí oògùn ti mú kú ni mo rán. Ìyókù, mo dì í.

Láti ọjọ́ yẹn, bí obìnrin náà bá bá aláìsàn wá, tí ará ilé kan sì fẹ́ gbẹnu sọ fún un, òun ló máa ń jágbe: “Pa ẹnu rẹ mọ́, jẹ́ kó sọ tara rẹ̀!” Abẹ́rẹ́ tí mo ti gún láyé pọ̀, àmọ́ ohun tí mo fi ń yangàn ni pé àwọn èèyàn mi, tó ń pe ìdákẹ́ ní ìwà akin, kọ́ láti sọ pé, “Nǹkan kan ń ṣe mí.”