Rimóòtù Bàbá Mi àti Tẹlifíṣọ̀n Màmá Òdìkejì

Ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Títí dòní, tí gbogbo ilé bá ti pé jọ báyìí, wọ́n á tún gbé e dé: èmi ni mo dójú ti bàbá mi nítorí rimóòtù. Èmi. Wọn ò ní sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ o, ibi tí mo ti lanu ni wọ́n máa ń mú un. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Múṣin la wà nígbà yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì, mò ń jókòó sílé de èsì ìdánwò. Ilé wa, yàrá kojú sí yàrá ni, pásééjì ló wà láàárín. Rimóòtù mẹ́ta ni bàbá mi ní: ti tẹlifíṣọ̀n, ti fídíò, ti sẹ́ẹ̀tì tó ń kọrin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá, wọ́n fi rọ́bà dè é kí eruku má wọ̀ ọ́. Tí bátìrì bá ti fẹ́ kú, wọ́n á ní ká lọ sá a sóòrùn lójú fèrèsé. Tó bá gbóná tán, á tún ṣiṣẹ́ bí ọjọ́ méjì. Ọ̀rá yẹn, bó ṣe máa ń pariwo lọ́wọ́ bàbá mi tí ìròyìn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń wù mí gbọ́.

Lọ́jọ́ kan bàbá mi mú rimóòtù ẹyọ kan dé. Wọ́n ní, "Eléyìí nìkan máa ṣiṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Kò ṣe nǹkan kan. A rò pé wọ́n ti rẹ́ bàbá mi jẹ. Ni wọ́n bá ju ìwé tó bá a wá sí mi. "Ìwọ tó mọ̀wé, kà á."

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi o. Nọ́ńbà ló kún inú ìwé yẹn, irú tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Wàá tẹ kan, tí tẹlifíṣọ̀n ò bá kú, wàá tún tẹ òmíì. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí ẹnjiníà, ṣé ẹ ti dé orí nọ́ńbà mọ́tò gómìnà?" Mo sọ bàtà lù ú. Ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n wá kú lójijì, bàbá mi dìde, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Bàbá mi tí kì í bọ ọmọ lọ́wọ́.

Kò pẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n màmá tó kojú sí wa bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Nọ́ọ̀sì ni màmá yẹn ní Ìdí-Àràbà, opó ni wọ́n. Ọkọ wọn tó kú àti bàbá mi ló jọ ra tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ kan náà, irú kan náà. Màmá kì í jẹ́ kẹ́ni kankan gbé nǹkan lé e lórí. Tẹlifíṣọ̀n náà á kàn ṣàdédé yí síbòmíì, á kàn kú. Ooru máa ń mú, ilẹ̀kùn méjèèjì á wà ní ṣíṣí, kọ́tìnì wọn sì fẹ́lẹ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Mo tẹ tiwa kí ohùn ẹ̀ lè lọ sókè, tiwọn náà pariwo. Mo sọ fún bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Má sọ o. Wọ́n á ní à ń ṣọ́ wọn. Màá máa kọ ẹ̀yìn sílẹ̀kùn tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́." Wọ́n á sì tún gbàgbé. Ó ń pa èmi náà lẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́.

Àfìgbà tí màmá pe ọkùnrin tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó tú u ní pásééjì, ó fẹ́ eruku inú ẹ̀, ó dé e padà, ó mirí. "Màmá, eléyìí ti tán. Ẹ jẹ́ n máa gbé e lọ, màá fún yín ní kékeré kan, aláwọ̀ dúdú àti funfun."

Màmá yíjú sí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà wa. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ jọ rà á. Kí lẹ rí sí i?"

Bàbá mi wolẹ̀. "Nǹkan tó bá ti gbó, ó ti gbó náà nìyẹn."

Mo wo bàbá mi. Wọ́n ṣẹ́jú sí mi. Ẹ mọ ojú yẹn. Tí wọ́n bá fún ẹ lóúnjẹ nílé onílé, ojú yẹn ló máa sọ fún ẹ pé o ti yó. Mi ò tíì kọ̀ ọ́ rí láyé mi. Màmá ń fi etí ìró nu ojú tẹlifíṣọ̀n náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹní ń nu ojú ọmọ tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ kó gbé e.

Mo ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀. Kò bà jẹ́." Mo wọlé mú rimóòtù, mo ní kí wọ́n ki wáyà ẹ̀ bọ iná. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó kú.

Màmá wo ọwọ́ mi, wọ́n wo bàbá mi. "Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀?"

Bàbá mi wọlé, wọ́n fa kọ́tìnì. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n lọ bẹ màmá fúnra wọn, àwọn méjèèjì sì parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni bàbá mi ò fi dá mi lóhùn, kódà "ẹ káàárọ̀" mi, wọn ò jẹ́ ẹ.

Mo ti rò ó títí. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó: ká ní ẹ̀yin lẹ dúró ní pásééjì yẹn, tí wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n olóògbé lọ, tí bàbá yín sì ń ṣẹ́jú sí yín, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?