Ìyá Tó Ń Pàlọ́ Lọ́sàn-án

Ohùn ìyá aláṣọ kan ní àdúgbò Gounghin kò tíì kúrò létí mi, láti ìgbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso Ouagadougou. Ọ̀sán gangan ló máa ń pa àlọ́ fún àwọn oníbàárà, bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ àwa Yorùbá. Tí wọ́n bá bá a wí, á ní: "Ayé rí roboto. Ilẹ̀ ti ṣú níbòmíràn. Àwọn tọ̀hún ni mò ń pa á fún, ẹ̀yin kàn ń fetí kọ́ ọ ni."

Ọmọ rẹ̀ tó lọ sílé ìwé Faransé ló ń sọ nǹkan wọ̀nyí fún un.

"Ayé ni ìyá ọkọ òṣùpá," ni ìyá náà máa ń wí. "Ìyàwó gidi kì í kẹ̀yìn sí ìyá ọkọ. Ẹ ti rí ìpàkọ́ òṣùpá rí?"

Olórí àwa Yorùbá, aláṣọ lòun náà, pè é síwájú àwọn àgbà. "Ìwọ obìnrin yìí, sọ pé irọ́ lò ń pa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní í rajà rẹ mọ́."

"Bàbá, tí mo bá ní irọ́ ni, ṣé òṣùpá á kẹ̀yìn sí yín lálẹ́ òní?"

Àwọn oníbàárà tó ti rẹ́rìn-ín sí àlọ́ rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú wọn ń wolẹ̀. Wọn ò rajà rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ó kó ẹrù lọ sí àdúgbò Tampouy.

Mo lọ bi olórí léèrè ìdí tó fi ṣe é.

"Àṣà wa là ń dáàbò bò," ló wí.

Ìsọ̀ ìyá náà ló jókòó sí tó fi dá mi lóhùn, aṣọ ti olórí fúnra rẹ̀ ló kún ibẹ̀.