Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo jí láàárọ̀ òní

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo jí láàárọ̀ yìí.

Fídíò ni mo ń ṣe. Ẹ mọ irú rẹ̀: ẹni tó ti wẹ̀, tó ti kunjú, á padà lọ dùbúlẹ̀ kó lè jí níwájú fóònù. Láti ìgbà tí mo ti wá kàwé ní Ìlá, n kò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan. Mo ní bóyá fídíò á bá mi wá ọ̀kan.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń yán, fóònù lọ́wọ́. Ìyá onílé wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ta ló tó kọjá lára àgbà láìkí wọn? Mo kúnlẹ̀. Fídíò bàjẹ́. Mo padà lọ sùn, mo tún jí, mo tún kúnlẹ̀.

Nígbà kẹta, wọ́n gbé àwo sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ilẹ̀ mélòó ló mọ́ ní yàrá tìrẹ lónìí?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Nígbà tí àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ ra fóònù, bí wọ́n ṣe wà ni wọ́n ń ya ara wọn, àní pẹ̀lú ẹ̀bà lẹ́nu!"

"Fóònù ti ká ẹ̀yin náà sílẹ̀, mà."

"Èmi kẹ̀? Àwọn èèyàn á rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n dìde fùú. "Pa á rẹ́. Jẹ́ kí n lọ we gèlè, kí o wá tún jí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ajílẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń pè mí báyìí (a kò ka ti gèlè mọ́ ọn), àní àwọn tí kì í dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀.

N kò tíì pa fídíò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ti ẹ̀gúsí, rẹ́ o. Òun ló dùn jù, ṣùgbọ́n Ìyá ní ti gèlè nìkan ni kí n gbé síta. Ẹ bá mi kọ ẹ̀bẹ̀ sí wọn nísàlẹ̀ yìí, màá kà á sí wọn létí.