Ìdọ̀bálẹ̀ Mi Lójú Òfuurufú

Títí dòní, ọ̀rẹ́ mi, bí òórùn ọ̀dùnkún díndín bá bá afẹ́fẹ́ òkun wọ imú mi, màá kọ́kọ́ wá nǹkan dì mú kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Láyé àwọn ọdún náíńtíìsì ni, nígbà tí mò ń gbé ní Adelphi lókè òkun. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ wọn, ṣíìfù iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó ráyè, ló bá ní kí n mú Màmá lọ wo ìlú etíkun. Ta ló ń sọ fún mi pé ìdánwò ni? Bí Màmá bá ní mi ò kún ojú òṣùwọ̀n, ìyàwó ti bọ́ nìyẹn.

Lórí afárá gígùn tó dá omi kọjá, ìdí ọkọ̀ iwájú nìkan ni mò ń wò, mo sì ń kọ orin ìsìn kíkankíkan. Màmá ń bá mi gbè é. A rin ojú ọ̀nà onípákó etí òkun, a wo ère tí wọ́n fi yanrìn mọ, a jẹ ọ̀dùnkún. Mo ti ń dúpẹ́ nínú, àfi bí Màmá ṣe nàka sókè sí kẹ̀kẹ́ ńlá kan tó ń gbé èèyàn yí lójú òfuurufú.

"Ẹ máa gùn ún, mà. Èmi á ṣọ́ kúlà oúnjẹ wa."

"Ṣé kúlà lo fẹ́ fẹ́ ni?"

A wọ inú àpótí rẹ̀ kan. Nígbà tí a dé téńté, ó dúró. Afẹ́fẹ́ ń fì wá, irin ń ké, àwọn èèyàn ìsàlẹ̀ dà bí èèrà. Mo dijú, mò ń gbàdúrà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àdúrà oúnjẹ ni. Màmá gbá mi léjìká pẹ́ẹ́: "Ọmọ mi, o ṣeun tó o mú mi wá."

Ẹ̀kọ́ ìkíni tí bàbá mi fi pàṣán kọ́ mi kò dúró kí n ronú. Àyà mi ti ń lọ sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀! Àpótí fì síwájú gbùà.

"Yéè! Dìde!"

"Mi ò lè dìde, mà. Mò ń kí yín ni."

Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ni mo dì mú títí a fi kanlẹ̀. Òyìnbó tó ṣílẹ̀kùn fún wa béèrè bóyá kí wọ́n pe dókítà.

A padà délé. Nígbà tí ọmọ wọn béèrè bó ṣe rí, wọ́n ní, "Ojo ni. Láti orí afárá lẹ̀rù ti ń pa á. Ṣùgbọ́n ó gun kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn nítorí rẹ. Fẹ́ ẹ."

Lọ́jọ́ ìdána, ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Cheverly, bí wọ́n ṣe ní kí n dọ̀bálẹ̀ báyìí, Màmá dìde: "Ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó ṣe lókè ti tó mi." Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé akin ló ń rí ìyàwó fẹ́. Ní tèmi o, ẹ̀rù ló bá mi tọrọ ìyàwó.