Bàbá Tó Wá Wo Bátìrì Bàálù Wa

Òyìnbó kan tó bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ ló fún wa ní bàálù náà nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ mi ń ya àwòrán ilẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, òyìnbó yìí sì wà lára àwọn tó máa ń lọ yẹ òkúta wò ní Agbaja nítorí irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Àdúgbò Karaworo ní Lokoja ni à ń gbé nígbà náà, ìlú náà kò tíì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ kankan. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé-ìwé girama àwọn obìnrin.

Bàálù kékeré ni. Igi tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá fi bébà dídán bò ó. Èèyàn á dúró nílẹ̀, á di rìmóòtù mú, bàálù á sì máa yí síbi tó bá darí rẹ̀ sí. Kì í mu epo rárá. Bátìrì ló ń yí fáànù iwájú rẹ̀: ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ nínú ọ̀rá pupa, tí gbogbo rẹ̀ kò ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbá mú lọ. Bí agbára rẹ̀ bá tán, èèyàn kì í jù ú nù bíi bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ṣe ni a ó ṣájì rẹ̀. Ṣájà rẹ̀ ní wáyà méjì tí a máa ń fi há orí bátìrì ọkọ̀ wa, ó sì ní aago kékeré kan tí a ó yí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, aago náà á já iná fúnra rẹ̀.

Pápá kan ní Otokiti la ti máa ń fò ó ní ọjọ́ Sátidé. Mi ò gbàgbé bí ọkàn mi ṣe máa ń fò pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé, tó bá ti di rìmóòtù mú báyìí, á máa bá bàálù sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú: "Rọra, rọra, yí sí ọ̀tún, o ṣeun." Àwọn ìbejì wa obìnrin á máa sá tẹ̀ lé òjìji rẹ̀ lórí koríko.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ó yí padà. A ó ṣájì rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, fáànù á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kò sì ní pẹ́ tí á fi máa rẹ̀ ẹ́. Bàálù á sọ̀ kalẹ̀ kó tó yí pápá po lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò tiẹ̀ kúrò nílẹ̀ mọ́.

Tíṣà físíìsì ni mí. Mo sọ fún ọkọ mi pé iná kò wọ̀ ọ́ tó ni. Sátidé tó lọ síbi òkú kan ní Kabba, mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo sì ṣájì bátìrì náà. Nígbà tí aago já, mo yí i padà. Nígbà tó tún já, mo tún yí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bíi ti ike tó sún mọ́ iná. Mo fọwọ́ kàn án, mo sì yọ ọwọ́ kíákíá. Mo já a, mo gbé e sórí ferese, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ọkọ mi ní ká gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣájì rẹ̀ títí aago fi já. Fáànù yí díẹ̀, ó dúró. Ó tún fẹ́ há wáyà ṣájà mọ́ orí bátìrì ọkọ̀ ni bàbá tó ń gbé nílé kejì sí tiwa bá kọjá.

Ará Oworo ni bàbá yìí. Mùsùlùmí ni, ó ga, irun rẹ̀ ti funfun tán. Àgbẹ̀ la mọ̀ ọ́n sí. Ní ọjọ́ Ajé ló máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé wọn lórí òkè Agbaja, Ọjọ́bọ̀ ni yóò tó dé, á sì fi iṣu tàbí ẹ̀wà ránṣẹ́ sí wa. Èdè Oworo ló máa ń bá mi sọ, èmi á fi Ijumu tèmi dá a lóhùn, a ó sì gbọ́ ara wa yé.

"Òkun o, Ìyá Ìbejì," ló fi kí mi. "Kí ló ṣe ọkọ̀?"

"Òkun o, Bàbá. Kì í ṣe ọkọ̀. Bátìrì bàálù ni, kò gba iná mọ́."

Ó na ọwọ́, mo sì gbé bátìrì náà fún un. Mo rò pé ó fẹ́ wò ó bí ohun ìṣeré ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló gbé e sí.

"Ó ṣì gbóná. Ẹ má tíì fi iná kàn án mọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù ná." Ó yíjú sí ọkọ mi. "Bàbá Ìbejì, nígbà tó ṣiṣẹ́ dáadáa kẹ́yìn, kí lẹ ṣe fún un? Ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn."

Ọkọ mi sọ gbogbo rẹ̀: ọjọ́ tó fò dáadáa, ọjọ́ tó kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí kò gbéra.

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mo lọ sí Kabba ní àná. Ìyá Ìbejì ló wà nílé."

Àwọn méjèèjì wò mí. "Mo ṣájì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," ni mo wí. Irọ́ gbáà.

Ọkọ mi wá béèrè ohun tó yẹ ká ti béèrè láti ọjọ́ tí a ti ń bá a gbé àdúgbò. "Bàbá, ẹ mọ̀ nípa bátìrì ni?"

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wà ní yàrá bátìrì, ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù," ló fèsì, bí ẹni tó ń sọ pé òun ti jẹun. "Ẹ ní mítà?"

"Ó wà ní ilé-ìwé," ni mo wí.

"Ẹ mú un bọ̀ lọ́la. Àfẹnusọ kò lè tún un ṣe."

Kò lọ sóko ní ọjọ́ Ajé yẹn. Nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú mítà, ó ti ń dúró dè mí lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò wa, pẹ̀lú àkísà mímọ́, abẹ kan, àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan tó lẹ wáyà méjì mọ́ nídìí. Mo rò pé bátìrì bàálù ni yóò kọ́kọ́ mú. Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ló lọ.

"Ibi tí iná ti ń wá la ó ti bẹ̀rẹ̀," ló wí.

Ó fi mítà wọn bátìrì ọkọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró síbi tó yẹ. Ó wá ní kí ọkọ mi tan iná iwájú ọkọ̀, kó jẹ́ kí bátìrì ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ó gbé ẹnu wáyà mítà sórí òjé tó yọ lórí bátìrì gan-an, ó ní kí n wò ó. Ó tún gbé e sórí irin tó há òjé náà mú, níbi tí a máa ń fi ṣájà há. Abẹ́rẹ́ já wálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná ha ibi tí irin àti òjé ti pàdé, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì ń já bọ́.

"Ẹ rí i? Iná wà nílé, ẹnu ọ̀nà ló dí."

Ó ní kí n bu omi gbígbóná wá. Ó dà á sí i díẹ̀díẹ̀, ó fi abẹ ha á títí òjé fi ń dán, ó nù ún gbẹ, ó sì há a padà. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń ṣe é. Ọwọ́ tó ń kọ ebè ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí awọ, síbẹ̀ kò sí ìka tó ṣì rìn nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Lẹ́yìn náà ló tó mú bátìrì bàálù. Ó fi abẹ la ọ̀rá pupa náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹyọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì yọ síta. Ó há ṣájà, ó yí aago, ó wá jókòó tì í. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, á fi ẹ̀yìn ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀kan dé ẹ̀fà, kò yára, kò fo èyíkéyìí. Ọkọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tó yá, ó ní kí n gbé ìka tèmi sí i.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ márùn-ún ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹyọ kan tó kù, ẹ̀karùn-ún nínú ìtò wọn, tutù bí òkúta inú odò.

"Gbogbo wọn ń jẹun, òun kò jẹ," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi mítà bi í."

Mo wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ ń dìde lórí márùn-ún. Ó dé orí ìyẹn, kò mira. Bàbá fi gílóòbù rẹ̀ kan àwọn yòókù, ó pọ́n díẹ̀ díẹ̀ lórí wọn. Ó fi kan ìyẹn, òkùnkùn. Ó ní nǹkan ti so ẹnu méjèèjì rẹ̀ pọ̀ nínú, pé iná tó bá wọlé, ṣe ló ń là á kọjá, kò sí ohun tó ń dúró síbẹ̀.

Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo rántí òórùn ọjọ́ Sátidé yẹn. Mo tún rántí bó ṣe ṣe sùúrù bi wá léèrè, àti bí mo ṣe fi irọ́ dá a lóhùn, tó sì wá pa oko tì nítorí wa.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣájì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, léraléra. Ó gbóná débi pé ó ń rùn. Èmi ni mo pa á."

Ọkọ mi ranjú mọ́ mi. Bàbá kò wò mí. Ó ń fi àkísà nu abẹ rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ó sì lè jẹ́ pé ó ti ń kú kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí bàálù bá lo iná tán pátápátá, àwọn tó lágbára á máa ti èyí tí kò lágbára sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bàjẹ́." Ó ká àkísà náà. "Lọ́dún kẹta tí mo wọ yàrá bátìrì, wọ́n ní kí n máa fi ọwọ́ ara mi wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan láràárọ̀. Wọ́n pọ̀, Ìyá Ìbejì, ìgò ńlá ńlá ni wọ́n, tí wọ́n tò láti ògiri dé ògiri. Mítà ńlá kan wà lára ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyẹn nìkan, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé mo ti wọn gbogbo wọn. Omi gbẹ nínú àwọn kan, mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, tẹlifóònù gbogbo ìlú kú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́."

"Kí lẹ wá ṣe?" ni ọkọ mi bi í.

"Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní èmi ni. Ó gbé mi kúrò níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mo ń gbá àgbàlá. Nígbà tó dá mi padà, kò sí àárọ̀ kan tí mi ò fọwọ́ kan gbogbo wọn, títí mo fi fẹ̀yìn tì."

Àánú tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi, kò sí ẹni tó tún ṣe irú rẹ̀ fún mi nídìí iṣẹ́.

Ó kù ká mọ ohun tí a ó ṣe. Ní Lokoja nígbà náà, kò sí ibi tí èèyàn ti lè rí ẹyọ irú bátìrì yẹn. Ọkọ mi ní òun ti gbọ́ pé èèyàn lè fi iná ńlá gún un lójijì, kó jí. Bàbá mirí. "Ó lè jí. Ó tún lè bẹ́ síni lójú. Bó bá sì jí, òkè ni yóò ti tún sùn." Ó ní ká yọ ọ́ kúrò, ká so márùn-ún yòókù pọ̀, ká wá dín ẹrù bàálù kù.

"Ẹrù wo ló ní?" ni ọkọ mi wí. "Kò ru nǹkan kan."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Táyà kékeré méjì àti irin tó gbé wọn dúró ni bàbá ń wí. Ó dun ọkọ mi láti yọ wọ́n, torí pé wọ́n wuyì. Ó rìn yí bàálù po lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ mú sikirudíráfà. Mo gbé irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé wá láti ilé-ìwé, bàbá sì lẹ wáyà náà pọ̀ fúnra rẹ̀.

Òkè Agbaja la ti dán an wò ní Sátidé, lẹ́bàá abúlé wọn, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí koríko sì pọ̀. Ọ̀nà náà gbọ̀n wá títí. Nígbà tí a débẹ̀, bàbá ṣí iwájú ọkọ̀, ó há ṣájà. Ó ní ká má gbẹ́kẹ̀ lé aago, pé ti mẹ́fà ni aago mọ̀, márùn-ún á tètè yó. Ìka rẹ̀ ló fi ṣe aago. Nígbà tí wọ́n lọ́wọ́ọ́wọ́ dọ́gba, ó já a.

Níwọ̀n bí kò ti ní ẹsẹ̀ mọ́, ẹnìkan ní láti jù ú. Wọ́n ní kí n jù ú. Mo sá eré bí ọmọ ilé-ìwé, mo ká aṣọ mi sókè, mo sì tì í sínú afẹ́fẹ́. Ó kọ́kọ́ rì díẹ̀, mo pariwo. Ó wá gbórí sókè. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó yí lórí àwọn òrùlé koríko, ó padà wá bá wa. Àwọn àgbẹ̀ fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ń wòkè. Ọkọ mi tún ti ń bá a sọ̀rọ̀. Bàbá kò wo bàálù púpọ̀. Etí ló fi sí ohùn fáànù.

"Ó tó," ló wí. "Ẹ mú un wálẹ̀ nígbà tó ṣì lágbára."

Ọkọ mi ì bá fẹ́ kó pẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Bàálù sọ̀ sórí koríko, ó fi ikùn yọ̀ lọ, ó dúró. Kò fara pa rárá.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, mo bẹ ọ̀gá ilé-ìwé wa, bàbá sì wá bá kíláàsì mi sọ̀rọ̀. Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ó to bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́fà sórí tábìlì, mẹ́ta ti kú, mẹ́ta ṣì yè, ó ní kí àwọn ọmọbìnrin náà wá àwọn tó kú jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì fẹnu sọ èyí tó kú kí ó tó wò ó. Wákàtí kan kọjá, aago oúnjẹ lù, kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tó parí, wọ́n sìn ín dé ẹnu géètì, wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì ń dúró dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.